Ẹja Tí Kò Jà

Kí ẹ tó jókòó, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Okùn ìwọ̀ ló gé e báyìí. Gbogbo àrọ̀ ńlá tí mo fà jáde nínú odò Ìgbórò ló fi àpá tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, débi pé bí mo bá bọ ènìyàn lọ́wọ́ lónìí, ẹni náà á yára fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní kí n sọ iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe fún yín, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ ó yàn, mi ò ní tàn yín. Iṣẹ́ yìí bọ́ mi, ó sì gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí, kí ẹ wá fi ọgbọ́n orí yín ṣe é.

Apẹja oníwọ̀ ni mí. Ẹ má fi wá wé àwọn tó ń da àwọ̀n sínú ọ̀sà l'Ájàṣẹ́ o. Àwọn yẹn máa ń pọ̀ nínú ọkọ̀ kan, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa bú ara wọn. Ìdákẹ́jẹ́ ni tiwa. Odò tiwa kò fẹ̀, inú igbó ló ń gbà, lẹ́yìn Pọ́bẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí ti máa ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀ bí ẹ̀bà gbígbóná. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀ kí oòrùn tó mú ní láti tètè jí, ó sì lè lọ kó bọ̀ kó má pàdé ẹnìkan. Àrọ̀ ibẹ̀ ti dàgbà, ó ti gbọ́n. Ẹ fi ekòló lọ̀ ọ́, kò ní wò ó.

Èsúnsún ló ń fẹ́. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, èsúnsún á tú jáde nínú ilẹ̀, á fò, á sì máa já bọ́ sójú omi. Àrọ̀ tó ti sá pamọ́ sínú ẹrẹ̀ láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ á gòkè wá, á la ẹnu gbàgà. Ṣùgbọ́n èsúnsún gidi kò ṣeé fi há ìwọ̀, ara rẹ̀ kò lágbára, ìyẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ bọ́. Ìdí nìyẹn tí àwa fi ń ṣe tiwa. À ń fi òwú wé ìyẹ́ ọrùn àkùkọ mọ́ ara ìwọ̀, à ń fi ìda oyin díẹ̀ pa á, kó má baà rì. Bí ẹ bá jù ú dáadáa, tó balẹ̀ sójú omi láìta omi sókè, àrọ̀ tó gbọ́n jù lọ á gbé e mì. Bí ẹ bá jù ú bí ẹni sọ òkò, ẹ máa lọ sílé.

Ìyá mi ló mú mi láti Ìgànná wá bá Bàbá Sàlàkọ́ ní Pọ́bẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Bí wọ́n ṣe ṣe àdéhùn, mi ò mọ̀, wọn ò pè mí sí i. Ohun tí mo rántí ni pé ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní bí mo bá ṣe agídí kí wọ́n nà mí, òun ò ní wá bèèrè. Ọwọ́ mi ni Bàbá Sàlàkọ́ gbà, wọ́n yí i padà, wọ́n tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi bí ẹni ń yan ìbẹ́pẹ, wọ́n sì wọlé.

Àkókò òjò kan gbáko, mi ò fọwọ́ kan ọ̀pá ìwọ̀. Bàbá á ní kí n jókòó sétí odò kí n máa wò. Kí ni kí n máa wò? Wọn ò sọ. Bí a bá délé, wọ́n á bi mí pé níbo ni omi ti ń yí lónìí, ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò wo ni ìfófó omi ti dúró. Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, kò sí oúnjẹ títí di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kọ́ mi ní ìyẹ́ wíwé. Igbá omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èyí tí mo bá wé, wọ́n á jù ú sínú igbá. Bó bá rì, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á jù ú síná. Iná yẹn jẹ púpọ̀ nínú iṣẹ́ mi. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ wọn obìnrin, á gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, á ní, “Ìwọ yìí, àkùkọ inú ilé wa á tán kí o tó mọ̀ ọ́n wé.” Inú a máa bí mi. Inú mi a tún máa dùn pé ó bá mi sọ̀rọ̀.

Òfin kan wà tí Bàbá Sàlàkọ́ fi ẹgba kọ́ mi. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí n dá lọ sódò, mo mú àrọ̀ kan tó gùn tó apá mi wálé, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Wọn ò wo ẹja rárá. Wọ́n ní kí n la ọwọ́. Okùn kò gé mi níbì kankan. Wọ́n bi mí pé ṣé ẹja náà jà. Mo ní kò jà, pé mo kàn fà á, ó tẹ̀ lé mi. Àṣé ọ̀ràn ni mo dá. Wọ́n nà mí, wọ́n ní kí n gbẹ́ ilẹ̀ kí n sin ẹja náà sí ẹ̀yìnkùlé, kí ajá má rí i hú. Nígbà tí mo sunkún tán ni wọ́n wá là á yé mi.

“Ẹja tí kò bá jà, nǹkan mìíràn ti bá a jà kí o tó débẹ̀. O ò mọ nǹkan náà. Ṣé inú ikùn rẹ lo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?”

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọlé, ìbéèrè wọn kò ju ọ̀kan lọ. Wọn kì í bi mí pé mélòó ni mo pa. “Ṣé ó jà?” ni wọ́n máa ń bi. Gbogbo agboolé mọ̀ ọ́n, àwọn ìyàwó ilé pàápàá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn nígbà tí wọ́n bá ti ọjà dé.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo di ẹni tó mọ iṣẹ́, Bàbá sì fi Àbẹ̀kẹ́ fún mi ṣaya. Àwọn irinṣẹ́ wa náà ń yí padà. Okùn ìko ni mo bá nílé, tí a máa ń lọ́ lórí itan títí itan á fi bó. Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ìwọ̀ fún wa. Ìgbà tí òmìnira dé, tí wọ́n ta àsíá tuntun ní Pọ́bẹ̀, tí a jó títí ẹsẹ̀ wú, ìgbà náà ni náílọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọjà Ṣakẹ́tẹ́, pẹ̀lú ìwọ̀ òyìnbó tó mú ṣáṣá. Bàbá Sàlàkọ́ fa náílọ́ọ̀nù náà láàárín ìka, wọ́n ní okùn yìí kò láàánú. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Okùn ìko máa ń bó ọwọ́ ni, náílọ́ọ̀nù ń gé e dé eegun. Ṣùgbọ́n ẹja kì í rí i nínú omi, a sì gbà á. Ìgbà kan náà ni oògùn kòkòrò dé fún àwọn olóko. Wọ́n ń rọ ọ́ sínú ìgò èyíkéyìí lọ́jà, ìgò òróró, ìgò ọtí. Ta ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tiwa náà wà nínú ìgò yẹn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà kan fún yín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dúró sí. Àrọ̀ ńlá tí a bá kọ́kọ́ pa lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, a kì í tà á. Ẹja abiyamọ là ń pè é. Gbogbo obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ládùúgbò ló ní ìpín níbẹ̀, Mùsùlùmí ni o, aláṣọ funfun ni o, kí omi ọyàn wọn lè dáa. Bí abiyamọ bá wà nínú ilé apẹja fúnra rẹ̀, òun ló ni orí ẹja àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ bá pé tí ẹja kò sí, wọ́n á ní ọwọ́ apẹja náà ti tutù. Mo mọ àgbà kan tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, kò jáde síta dáadáa mọ́ títí ó fi kú.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni Àbẹ̀kẹ́ bímọ obìnrin fún mi. Ìyàwó aránṣọ tó wà níwájú ilé wa náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, obìnrin kan nínú ìjọ aláṣọ funfun náà bí lọ́wọ́ ìsàlẹ̀. Ọdún yẹn, òjò kọ̀ kò rọ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń lọ sódò, mò ń ju ìwọ̀ sórí omi tó dákẹ́, mò ń padà lọ́wọ́ òfo. Bàbá Sàlàkọ́ kì í lọ mọ́ nígbà náà, ojú wọn ti ń ṣú. Ṣùgbọ́n wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wo ojú ọ̀run. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ń sún mọ́lé. Mi ò bẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ nípa mi, Bàbá ni àánú wọn ń ṣe mí, orúkọ wọn ni gbogbo ilé náà ń jẹ́.

Ẹja gbígbẹ tí a ní kò gbọdọ̀ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ nílé, kòkòrò ti ń wọ̀ ọ́. Mo wọ kàmíọ̀n, ọkọ̀ akẹ́rù, lọ sí Ṣakẹ́tẹ́ láti gbé e fún Ìyá Sẹ̀kínọ̀tù, oníbàárà wa. Bí mo ṣe ń jáde, Àbẹ̀kẹ́ ní kí n ra ọṣẹ olóòórùn bọ̀ fún òun, pé òun ò fẹ́ kí àwọn àlejò ìsọmọlórúkọ máa gbọ́ òórùn ẹja lára òun. Mo ní ṣebí òórùn ẹja ló fi mọ̀ mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ju aṣọ ìnura lù mí. Mo sùn sí Ṣakẹ́tẹ́, mo sì ra ọṣẹ náà.

Nígbà tí kàmíọ̀n sọ̀ mí kalẹ̀ ní ọjọ́ kejì, oòrùn ti wà ní àtàrí. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ ayọ̀. Òjò díẹ̀ ti rọ̀ lápá òkè odò, Bàbá Sàlàkọ́ ti gbé ọ̀pá ìwọ̀ fúnra wọn láàárọ̀, wọ́n sì ti pa ẹja abiyamọ. Orí àrọ̀ náà wà nínú àwo, ó tóbi ju orí ọmọ ọwọ́ lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín ẹran ara rẹ̀ lọ sí ilé àwọn abiyamọ yòókù ni. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sè fún Àbẹ̀kẹ́, ó sì ti jẹ ẹ́.

Mo wọ yàrá lọ láti fún un ní ọṣẹ rẹ̀. Orí ẹní ló wà. Ó ní ahọ́n òun wúwo. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn obìnrin tó jókòó tì í ní àárẹ̀ ìbímọ ni, pé bó bá sùn á fúyẹ́. Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo jáde, ojú mi bọ́ sára ọ̀pá ìwọ̀ tó fara ti ògiri. Ìyẹ́ tó wà lára ìwọ̀ náà ṣì pé, ó tò bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ wé e tán. Ẹja tó bá jà, ìyẹ́ rẹ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀, ńṣe ni eyín àrọ̀ ń fà á ya. Mo wo Bàbá Sàlàkọ́. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Àtẹ́lẹwọ́ wọn mọ́, okùn kò gé e níbì kankan.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ó jà?”

Gbogbo agboolé ló gbọ́. Wọ́n mọ ìbéèrè náà, kò tíì sí ẹni tó bi Bàbá rí. Bí wọ́n bá ní ó jà, a jẹ́ pé àárẹ̀ ìbímọ ni lóòótọ́, kálukú á máa se ọbẹ̀ rẹ̀ lọ, orúkọ wọn á sì mọ́. Bí wọ́n bá ní kò jà, àwọn fúnra wọn ló fi ọwọ́ ara wọn bọ́ ọmọ wọn ní ohun tí wọ́n fi ẹgba kọ́ mi pé kí n máa sin. Wọ́n wo ọwọ́ wọn. Iná ń jó nílé aránṣọ, à ń rí èéfín rẹ̀.

“Kò jà,” ni wọ́n wí. “Mo ju ìwọ̀, ó wá bá mi wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo rò pé odò ló ń kí ọmọ-ọmọ mi.”

Wọ́n dìde, wọn ò mú ọ̀pá, wọn ò dé fìlà. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ṣì lè sáré. Nílé aránṣọ, ọbẹ̀ ti ń hó. Wọn ò dúró wá aṣọ tí wọ́n máa fi dì í mú, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi gbé ìkòkò gbígbóná kúrò lórí iná, wọ́n dà á sílẹ̀, wọ́n ní, “Ẹja mi ò jà. Ẹ má jẹ ẹ́.” Wọ́n tún sáré gba ọ̀nà ìsàlẹ̀. Obìnrin aláṣọ funfun náà ti gbé òkèlè, ó ń gbé e lọ sẹ́nu. Wọ́n gbá a dànù lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbàlagbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyàwó oníyàwó, ọkọ rẹ̀ dìde pẹ̀lú ìbínú, kó tó gbọ́ ohun tí Bàbá ń wí tí omijé ń dà lójú wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí òwe náà ń béèrè lọ́wọ́ àgbà.

Èmi àti aránṣọ gbé Àbẹ̀kẹ́ sórí kẹ̀kẹ́ lọ sí dìsípánsẹ̀. Ọkùnrin tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ gbóòórùn èébì rẹ̀, ó ní oògùn kòkòrò ni. Ó ṣe gbogbo èyí tó lè ṣe. Gìrì mú Àbẹ̀kẹ́, ó fi í sílẹ̀, ó tún mú un. Ó di ọwọ́ mi mú, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú.

Ọjọ́ kejì la rí ìgò òróró kan lẹ́bàá odò lápá òkè, ẹja wẹ́wẹ́ sì léfòó káàkiri ibẹ̀. Ẹnìkan tó fẹ́ kó ẹja láìṣe wàhálà ló da oògùn oko sínú omi. Àwọn jàndáàmù, ọlọ́pàá ìjọba, wá, wọ́n bèèrè ọ̀rọ̀, wọ́n lọ. Títí di òní, a ò mọ ẹni náà. Mo ti ṣépè fún un títí ó fi sú mi.

Bí ọmọ ọwọ́ bá kú, àwọn ènìyàn á wá kí ìyá rẹ̀ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Tèmi, agbè ló fọ́, omi ló ṣẹ́ kù. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa kí mi. Ìyàwó aránṣọ ò kí mi rárá. Ó wọlé, ó gbé ọmọ mi, ó fi í sọ́yàn kan, ó fi tirẹ̀ sí ìkejì. Ó ní ọyàn tí ìkòkò dídà yẹn dá sí, tiwọn méjèèjì ni. A sọ ọmọ náà ní Rẹ̀mílẹ́kún.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo bínú sí Bàbá Sàlàkọ́. Mo bínú gidi. Ọ̀pọ̀ àkókò òjò kọjá tó jẹ́ pé ẹ kú àárọ̀, ẹ kú alẹ́ nìkan ló wà láàárín wa. Ọwọ́ wọn tí okùn ò gé, ìkòkò ti jó o, awọ rẹ̀ sì sún kì. Wọn ò fẹnu kan ẹja mọ́, wọn ò dé odò mọ́. Síbẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ jíjóná yẹn wé ìyẹ́ fún mi. Wọ́n á jù ú sínú igbá omi, èyí tó bá rì, wọ́n á jù ú síná. Mo ń fi ìyẹ́ wọn pa ẹja, mi ò sì ń dúpẹ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kú, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní, “Délé, lọ́jọ́ yẹn, ó kù díẹ̀ kí n sọ pé ó jà. Ó ti dé ahọ́n mi.”

Mo ní, “Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ọ́, Bàbá.”

Ní ọjọ́ náà ni ìbínú mi tán. Èmi ni mo wẹ̀ wọ́n, èmi ni mo tẹ́ wọn.

Ìyókù iṣẹ́ mi kò gùn ní sísọ, bó tilẹ̀ gùn ní ṣíṣe. Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ dé, ó ń kó ọmọ ẹja pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ìgò òróró ò tán nínú igbó. Àrọ̀ ń kéré sí i, mò ń rìn jìnnà sí i. Láyé ìsinsìnyí, zẹ́mí, ọlọ́kadà wa, á gbé páálí ẹja yìnyín láti Kútọnu wá bá yín nílé, ta ni yóò wá kọ́ ìyẹ́ wíwé? Mo kọ́ ènìyàn díẹ̀. Wọ́n ti di onígàrí àti awakọ̀, mi ò bá wọn jà. Èyí tí mo ní kí wọ́n mú dání kò sí nínú ọ̀pá ìwọ̀. Iṣẹ́ yòówù kí ẹ yàn, ẹnìkan á bi yín ní ìbéèrè lọ́jọ́ kan tí ìkòkò wà lórí iná. Ẹ má jẹ́ kó hó kí ẹ tó dáhùn.

Ọdún tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ Rẹ̀mílẹ́kún bímọ. Gbogbo ilé ń retí ẹja abiyamọ lọ́wọ́ mi. Ara mi ti ń di arúgbó, ṣùgbọ́n mo lọ. Mo ju ìwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò tí Bàbá Sàlàkọ́ fi hàn mí láyé ọjọ́un. Àrọ̀ kan jáde, irú èyí tí mo ti rò pé kò sí mọ́. Mo fà á. Ó tẹ̀ lé mi wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo la ọwọ́ mi, mo wò ó. Mo gbẹ́ ilẹ̀, mo sin ín, mo sì padà sílé.

Rẹ̀mílẹ́kún dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbé omi kaná. Ó bi mí bóyá mo rí i. Mo ní mo rí i.

“Bàbá, ṣé ó jà?”

“Kò jà.”

Ó gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó da omi rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá jókòó tì mí, ó mú ọwọ́ mi tó kún fún àpá, ó dì í mú, kò sì fa tirẹ̀ padà.